Kí Ẹ Tó Sanwó Ìtọ́jú Sẹ́ẹ̀lì Ìpilẹ̀ fún Ọmọ Tó Ní Ọ́tísímù

Abiyamọ kan jókòó tì mí ní iwájú yàrá àyẹ̀wò, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì fi fídíò kan hàn mí. Ọmọkùnrin kan tó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ní apá àkọ́kọ́, ọmọ náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí ara rẹ̀, kò sì wo ẹni tó ń pè é. Ní apá kejì, tí wọ́n kọ “lẹ́yìn oṣù mẹ́ta” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ife, ó sì pe omi ní èdè wọn. Abiyamọ yìí ti wo fídíò náà títí ó fi mọ àsìkò gan-an tí ọ̀rọ̀ yẹn yóò jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ọmọ tirẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rin, kò sì tíì pe ìyá rí. Ohun tó bi mí ni pé ṣé kí àwọn ta ilẹ̀ àwọn.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè aláìmọ̀kan. Òbí tó bá ń rí i tí ọmọ aládùúgbò ń sáré lọ pàdé bàbá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, tí tirẹ̀ kò sì dáhùn sí orúkọ, kò sí ohun tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí. Ìdáhùn tí mo fún un gùn, kò sì ṣeé parí lórí ìjókòó kan, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ kí òbí mìíràn tí wọ́n bá fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní fi èrò mi pamọ́ dé ìparí. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ń ran ọmọ tó ní ọ́tísímù lọ́wọ́, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn dàgbà, tí bíbáni sọ̀rọ̀ àti bíbáni ṣe sì máa ń ṣòro fún, kò sì yẹ kí òbí kankan san owó fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ gbogbo ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kò lè fi sílẹ̀: ti awọ ara kò lè di ti ẹ̀dọ̀, ti iṣan kò sì lè di ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò tíì gba iṣẹ́ kan pàtó, tí wọ́n lè máa pọ̀ sí i, tí wọ́n sì lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn dókítà ń pè ní stem cell, tí èmi ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀. Wọ́n wà nínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìwọ́ ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, a sì ń rí irú wọn kan nínú ọ̀rá ara.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń wo àwọn àrùn kan sàn. Ní ọdún 2011, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Benin, UBTH, àwọn dókítà gba mùdùnmúdùn egungun lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n sì fi sínú ara ọmọdé kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lè yọrí sí rere yé ni: inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá sì fi èyí tó dára rọ́pò èyí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò dára, ẹ̀jẹ̀ tuntun tí yóò máa jáde yóò yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé irọ́ pátápátá ni sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀, òun náà ṣì yín lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ́tísímù yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ tí a lè fi òmíràn rọ́pò. Láti inú oyún ni ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun àjogúnbá ló sì lọ́wọ́ sí i. Àlàyé tí àwọn tó ń ta ìtọ́jú yìí máa ń ṣe ni pé àwọn ọmọ-ogun tó ń dáàbò bo ara ti ru sókè jù nínú ọpọlọ ọmọ náà, àti pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fà sí i lára yóò pẹ̀tù sí i. Àbá tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń yẹ̀ wò ni èyí, wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa ń lò jù, tí wọ́n bá fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń há sí, kì í dé ọpọlọ. Nítorí náà ni àwọn ilé ìwòsàn kan ṣe ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó túbọ̀ léwu.

Ẹ wo ẹ̀rí pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á, ó máa ń béèrè ìwé, ó sì máa ń wádìí lọ́wọ́ àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà. Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe nìyí pẹ̀lú.

Yunifásítì Duke ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn olùtajà máa ń dárúkọ jù. Ní ọdún 2017, Joanne Kurtzberg, Geraldine Dawson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 25, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 2 sí 5, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ wọn tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ ìbí wọn padà sí wọn lára. Ewu ńlá kankan kò ṣẹlẹ̀, àwọn òbí sì ròyìn pé àyípadà rere wà. Ibi tí olùtajà máa ń parí ìtàn sí nìyí. Ohun tí kì í fi kún un ni pé gbogbo ọmọ 25 yẹn ló gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kò sí ẹgbẹ́ kejì tí kò gbà á tí a lè fi wọ́n wé, àwọn oníwàádìí náà sì sọ ọ́ fúnra wọn pé iṣẹ́ náà kò lè fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ló fa àyípadà ọ̀hún.

Wọ́n padà ṣe èyí tó péye. Wọ́n kó ọmọ 180 jọ, láti ọmọ ọdún 2 sí 7, wọ́n sì pín wọn sí mẹ́ta láìjẹ́ kí òbí tàbí àwọn tó ń yẹ ọmọ wò mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ara wọn, àwọn kan gba ti ẹlòmíràn, àwọn yòókù sì gba omi tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan nínú. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ohun tí wọ́n ti pinnu ṣáájú pé àwọn yóò wọ̀n, ìyẹn bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn ṣe, àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ kò sàn ju àwọn tó gba omi lásán lọ. Àmì díẹ̀ hàn lára àwọn ọmọ tí òye wọn kò fà sẹ́yìn, pàápàá nínú bí wọ́n ṣe ń báni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àmì inú ẹgbẹ́ kékeré kan ni, ohun tó yẹ kí wọ́n tún dán wò ni, kò tó ohun tí a fi ń tajà. Ní ọdún 2018, wọ́n ti tẹ èsì irú ìwádìí kan náà tí wọ́n ṣe ní Sacramento, ní California, lórí ọmọ 29 jáde. Ọmọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ní àkókò kan àti omi lásán ní àkókò mìíràn, kò sì sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín méjèèjì.

Ẹ lè béèrè pé, ṣé àwọn òbí inú fídíò ń purọ́ ni? Rárá o. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní ọdún 1998, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà nípa ọmọ mẹ́ta tó ní ọ́tísímù, tí wọ́n fún ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní secretin nítorí àyẹ̀wò inú, tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn lẹ́yìn náà. Àwọn òbí ya bo oògùn yìí káàkiri. Ní ọdún 1999, àwọn oníwàádìí tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 60 jáde: apá kan gba secretin, apá kan gba omi iyọ̀. Àwọn tó gba omi iyọ̀ náà ń sàn, bí àwọn tó gba oògùn ṣe ń sàn. Kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n sọ èsì yìí fún àwọn òbí, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ pé àwọn ṣì fẹ́ oògùn náà.

Ọmọ tó ní ọ́tísímù ń dàgbà, bí ọmọ gbogbo. Ọ̀rọ̀ lè jáde lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù tí ẹ kò retí, pàápàá bí ó bá ń lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní àkókò kan náà. Òbí tó bá sì ti san owó ńlá yóò máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, yóò sì rí ohun kéékèèké tí ojú rẹ̀ ti ń fò tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n.

Ewu tó wà níbẹ̀

Nínú ìwádìí tó mọ́, ewu kò pọ̀. Ní ọjà, ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún 2018, ènìyàn 12 ní Texas, Florida àti Arizona dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ ohun tí wọ́n ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ. Kòkòrò àrùn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá kòkòrò náà nínú ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Àgbàlagbà tó ń wá ìwòsàn fún oríkèé àti ẹ̀yìn ríro ló pọ̀ nínú wọn. Ìròyìn tó jáde ní ọdún 2009 nípa ọmọ Ísírẹ́lì kan tún burú jù: àìsàn mìíràn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ló ń ṣe é, wọ́n gbé e lọ sí Moscow lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ọdún 2001, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú oyún sínú ọpọlọ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sì ni wọ́n rí kókó tó ń hù níbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé láti inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sí i ni kókó náà ti wá.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun, tàbí pé ẹsẹ̀ òun ń kú tipiri. Wọ́n lè fi oògùn mú kí ó sùn kí wọ́n tó gún un ní ẹ̀yìn, tí yóò bá sì jí, ẹkún nìkan ni yóò lè fi sọ ohun tó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹkún kan náà ló ń sun bí ariwo bá pọ̀ jù.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́

Ẹ kọ wọ́n, ẹ má bi wọ́n lórí fóònù, nítorí ìdáhùn orí ìwé ni ẹ lè gbé lọ bá dókítà tó mọ ọmọ yín. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni tàbí ara ẹlòmíràn, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò àrùn. Ẹ bi wọ́n pé ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe tàbí ìwádìí. Bí wọ́n bá ní ìtọ́jú ni, ẹ béèrè ìwé tí ìjọba ilẹ̀ wọn fi fọwọ́ sí i fún ọ́tísímù ní pàtó. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí ọjà sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ kankan fún ọ́tísímù. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé aláìsàn lọ, ìlànà tí àjọ ìwádìí ìṣègùn wọn, ICMR, gbé jáde ní 2017 sọ pé lẹ́yìn òde ìwádìí, àwọn àrùn tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tọ́jú. Ní 2022, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ilẹ̀ náà tún sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò fara mọ́ lílò ó fún ọ́tísímù, àti pé ìwà tí kò yẹ dókítà ni kí ó máa polówó rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ìwádìí ni, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìbéèrè owó. Nínú ìwádìí tó tọ́, àwọn oníwàádìí ló máa ń ru ẹrù ohun tí wọ́n ń dán wò, wọn kì í ní kí òbí wá ra àyè fún ọmọ rẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí ọmọ yín tó wọlé, ẹ mọ̀ pé ọjà ni. Wọ́n lè fi orúkọ ìwádìí wọn hàn yín lórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn ìwádìí ìṣègùn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín, nítorí àwọn oníwàádìí fúnra wọn ló ń kọ orúkọ síbẹ̀, kíkọ orúkọ kì í sì í ṣe ìfọwọ́sí ìjọba. Ẹ béèrè orúkọ ìgbìmọ̀ tó yẹ ìwà ìwádìí náà wò. Tí wọ́n bá ní Nàìjíríà ni àwọn ti ń ṣe é, ẹ bi wọ́n nípa ìwé NHREC, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ìwádìí ìlera wò nílẹ̀ wa, àti ti NAFDAC, kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, bóyá ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà ní ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni èyí tí mo rí i pé ó máa ń mú kí wọ́n dákẹ́: bí ibà bá mú ọmọ ní ọjọ́ kẹta tí a padà délé, ta ni a ó pè, ta ni yóò sì san owó ìtọ́jú rẹ̀?

Ibi tí owó àti àkókò yẹn lè lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ọmọ tí ibà pọ́njú líle ṣe nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé lè di adití, adití tí a kò mọ̀ sì lè jọ ọmọ tó ní ọ́tísímù lójú. Ẹ mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé: ní Èkó, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Ìbàdàn, UCH. Ẹ sọ fún wọn bí gìrì bá ti gbé e rí, bí kì í bá sùn lóru, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń le mọ́ ọn, nítorí àwọn ohun wọ̀nyí ní ìtọ́jú tó dájú, ọmọ tó bá sì sùn dáadáa máa ń tètè kọ́ nǹkan. Oògùn wà fún ìbínú líle, bíi risperidone tí FDA fọwọ́ sí ní 2006 fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù láti ọdún 5 sókè, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó ń mú rọlẹ̀, kì í mú ọ́tísímù kúrò, dókítà nìkan ló sì lè kọ ọ́.

Iṣẹ́ tó kù, ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òbí irú ọmọ yìí, ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò sílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, eré àti iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Kí n fi àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn yín, èyí tí mo ṣe níwájú abiyamọ tó fi fídíò hàn mí. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ife tí ọmọ mọ̀, nígbà tí òùngbẹ kò tíì gbẹ ẹ́ dé ibi ẹkún. Ẹ lọ́sòó kí ojú yín àti tirẹ̀ lè ṣe déédéé. Ẹ gbé ife náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “omi,” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sì ṣòro fún òbí jù. Bí ọmọ bá wo ife, tí ó fọwọ́ kan yín, tàbí tí ó pariwo díẹ̀, ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn: ẹ tún pe “omi,” ẹ fún un ní ìwọ̀n ẹnu kan, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe ohunkóhun, ẹ fún un mu, kò jẹ̀bi. Ẹ ṣe é ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò bá tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ lè fi àwòrán ife náà béèrè, àwòrán kì í sì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ òbí pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì nìkan kù, kí ọpọlọ ọmọ má baà dàrú. Ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn pé èdè méjì ń pa ọmọ tó ní ọ́tísímù lára, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án kò ní lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe é

Ẹni tó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ kò dá ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gba gbogbo ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, irú sẹ́ẹ̀lì, iye rẹ̀, nọ́ńbà ara ìgò, ibi tí wọ́n gún, àti oògùn tí wọ́n fi mú kí ọmọ sùn. Bí ibà bá mú un, bí ọrùn rẹ̀ bá gan, bí ó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá gbé e, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá le bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí bí ó bá ń di orí mú tó sì ń sunkún lọ́nà tí ẹ kò mọ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìdáhùn orí WhatsApp. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà fún dókítà láìfi ohunkóhun pamọ́, kí ẹ sì kó ìwé náà lé e lọ́wọ́.